Iná Pupa tí A Fi Téèpù Bò

Èmi ni mo gé téèpù náà. Jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé ẹlòmíràn ni mo fẹ́ dá lẹ́bi nínú ìtàn yìí. Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fún mi láyè kí n kọ ọ́. Ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ìjọ wa. Ó ní bí ẹyọ ẹnì kan bá tipa rẹ̀ bọ́, ó tó òun.

Ìjọ kékeré ni wá ní Ìbàdàn. Ilé ìsìn wa kò fẹ̀: ògiri bíríkì, páànù lókè, kò sí síìlì. Bí o bá ti jọ́sìn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, o mọ bí ìlù òyìnbó ṣe ń dún níbẹ̀. Igi onílù kò tíì kúrò lára awọ tí páànù ti ń dáhùn. Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra. Ìyálọ́mọ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ìṣọ́ òru wa di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóṣù, àwọn méjèèjì wá bá Pásítọ̀. Wọn kò jà. Wọ́n bẹ̀ wá ni. Ká ní wọ́n jà ni, bóyá ojú ìbá má tì wá tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá ìjọ ló dá a lábàá pé ká ra ìlù oníná, irú èyí tí ìró rẹ̀ ń gba inú wáyà jáde, tí èèyàn lè yí sílẹ̀ bí ẹni ń yí rédíò sílẹ̀. Gbogbo ìjọ dáwó. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀kọ mú tiwọn wá nínú ọ̀rá, owó tí a ká pọ̀ kékeré kékeré. Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, fi èyí sọ́kàn: kí ariwo lè dín kù la ṣe ra ìlù náà.

Ọmọ ọdún 23 ni onílù wa nígbà náà. Ọlọ́run fún un lẹ́bùn. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ. Agolo mílíìkì àti ìdérí ìkòkò ìyá rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì fi di ọmọ ọdún 15, òun ló ń lùlù fún àwọn àgbà akọrin. Kò mutí, kò pẹ́ dé ibi ìdánrawò rí. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọkọ́mọ ló kó sí wàhálà yìí. Ọmọ gidi ni.

Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin ni mo bá a lọ sí ọjà Alábà ní Èkó. Nínú ṣọ́ọ̀bù, oníṣòwò fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sí i létí, ó ní kó lù ú wò. Ó di ojú. Nígbà tó yá, ó bọ́ ọ kúrò, ó fi sí èmi létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ nǹkan." Òótọ́ ni. Ìlù ẹsẹ̀ ń gbá mi láyà, aro ń dún bí òjò lórí omi, gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara. Rọ́bà lásán ló ń lù o. Lábẹ́ rọ́bà kọ̀ọ̀kan, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tó ń gbọ́ bí igi ṣe bà á, tó ń ránṣẹ́ sí àpótí kékeré tí àwọn onílù ń pè ní ọpọlọ rẹ̀. Inú àpótí yẹn ni wọ́n tọ́jú ohùn ìlù gidi sí. Àwọn ìlù olówó ńlá wà tí awọ wọn rí bí àsẹ́, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1997. Agbára tiwa kò dé ibẹ̀. Mo sanwó, a gbé e wálé.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ la tò ó. Àpótí tí onígìtá wa ń lò ló sún mọ́ wa jù, inú rẹ̀ la ki wáyà bọ̀. Ọmọ náà lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. A wo ara wa lójú. Bí ẹni ń fi ṣíbí gbá páálí ló ń dún. Aro ń ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ bí iyanrìn nínú agolo, ìlù ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ ju pó lásán lọ. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin sọ ọ́ jáde pé, "Wọ́n ti rẹ́ wa jẹ l'Álábà."

Wọn kò rẹ́ wa jẹ. Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí káṣẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ ọba. Bàbá Onírédíò là ń pè wọ́n. Wọ́n wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọwọ́ gbá agbádá wọn jọ sórí itan, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí ọmọ náà lù ú. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí ó fi lù ú tán.

"Ìlù yín dára," ni wọ́n wí. "Ẹnu tí ẹ fún un ni kò gbà á."

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé. Àpótí gìtá ní tirẹ̀, gìtá nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ohùn rẹ̀ kì í sábà kọjá ìgbì 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni dídán aro ń gòkè ré kọjá 10,000. Ìlù ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní bíi 50 tàbí 60, ibẹ̀ sì jìn ju ibi tí àpótí gìtá lè wà á dé. O ti gé orí, o ti gé ẹsẹ̀. Àárín tó ṣẹ́kù ni páálí tí à ń gbọ́. Wọ́n ní sípíkà tó ń gbé ohùn láti ìsàlẹ̀ dókè ni ìlù oníná ń fẹ́. Wọ́n fa wáyà náà lọ sí míkísà, kó lè gba inú àwọn sípíkà ńlá méjèèjì tí gbogbo ìjọ ń lò jáde, èyí tí wúfà wọn jẹ́ íǹṣì 15, tí túwítà sì wà lókè.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ wáyà lẹ́yìn ọpọlọ ìlù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ihò tí wọ́n kọ R sí la ti ki í bọ̀. Gbọ́ èyí dáadáa, nítorí mo ti rí i ní ìjọ mẹ́ta lẹ́yìn tiwa: bí wáyà kan ṣoṣo lo bá ní, ihò tí wọ́n kọ L/MONO sí ni kó wọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlù ń gbà jáde pọ̀. Bí o bá fi sí R nìkan, apá kan ìlù rẹ lo ń gbọ́, apá kejì ń ṣòfò nínú àpótí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pa gbohùngbohùn inú rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìlù náà ti fi ìró gbọ̀ngàn ńlá sí i nínú, kó lè dùn nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n ilé wa ti ní páànù tirẹ̀. Gbọ̀ngàn inú gbọ̀ngàn, báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe fẹ́ yé ara wọn? Wọ́n dín ohùn kù díẹ̀ ní àyíká 300, níbi tí wọ́n ní páálí ń gbé. Wọ́n ní ká gbé sípíkà kúrò nílẹ̀, ká gbé e sórí ẹsẹ̀ irin, kí túwítà lè máa wo orí àwọn èèyàn dípò orúnkún wọn. Wọ́n gbé sípíkà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ onílù, kó lè máa gbọ́ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń dí gbogbo ilé létí.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, lù ú bí ìgbà tí Ẹ̀mí gbé ọ jù." Bó ṣe ń lù ú ni wọ́n ń yí míkísà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi ìka hàn wá: àwọ̀ ewé ni iná tó ń tàn nísàlẹ̀, àwọ̀ ìyeyè lókè, pupa ló kẹ́yìn. Níbi tí ewé ti gun orí ìyeyè díẹ̀ ni wọ́n dúró. Wọ́n wá lọ síwájú ańpílífáyà, wọ́n fi hàn wá pé iná pupa kékeré wà níbẹ̀ náà. "Èyí kò gbọdọ̀ tàn. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ń kìlọ̀ fún yín ni. Bó bá dúró síbẹ̀, igbe ló ń ké."

Ìlù náà dùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ti ní ohun tí à ń wá lọ́wọ́, pátápátá, láìná kọ́bọ̀ kún un. A ń gbọ́ orin, a ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ìyálọ́mọ ẹ̀gbẹ́ wa sì kí wa lọ́jọ́ kejì pé a ṣeun.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sinmi. "Bàbá, ẹ ṣeun, ó dára. Ṣùgbọ́n kò gbá àyà."

"Àyà ta lo fẹ́ gbá?"

A rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wá sọ fún un pé ìlù ẹsẹ̀ ló ń jẹ agbára jù nínú gbogbo ìlù, pé bó bá fẹ́ kó gbá àyà, kí ìjọ ra sípíkà ìsàlẹ̀ tó ní ańpílífáyà tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó má fi ọ̀ranyàn wá a lọ́dọ̀ àwọn méjì yìí tó tún ń ru ohùn oníwàásù. Wọ́n ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló máa ń ya.

Ọmọ náà fi ìka ta rọ́bà náà. "Bàbá, èyí ò láwọ tó lè ya."

Gbogbo wa tún rẹ́rìn-ín. Bàbá náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì.

Oṣù Keje nìyẹn. Kò sí ẹni tó yí i sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Ọjọ́ kan, àwọn akọrin pọ̀, a fi díẹ̀ kún ohùn wọn; onílù ní òun kò gbọ́ ara òun mọ́, a fi díẹ̀ kún tirẹ̀; onígìtá náà ní tòun ńkọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó dá ohunkóhun padà sí ibi tó wà. Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án, ọmọ náà ti yí sípíkà ńlá apá òsì kọjú sí ara rẹ̀, ó ní ti kékeré yẹn ohùn ẹ̀fọn ni. Lẹ́yìn ìdánrawò, ó máa ń mi orí bí ẹni omi wọ̀ létí. Ó ní etí òun ń hó. A ní yóò lọ tó bá sùn. Ó sì máa ń lọ. Ìgbà tó yá, ó sọ fún mi pé òun ti ń tan rédíò sílẹ̀ lóru kí òun má baà gbọ́ híhó náà, mo sì bá a fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Bàbá ẹ̀yìn fẹ́ǹsì kò tún wá bẹ̀ wá mọ́. A sọ pé ara wọn ti le.

Ìkórè wa bọ́ sí oṣù Kọkànlá. Akọrin ìjọ ńlá kan ń bọ̀ wá bá wa ṣe é, o sì mọ bí ọ̀rọ̀ àlejò ṣe rí. Alẹ́ Sátidé, a ṣe ìdánrawò ìkẹyìn. Bàbá Onírédíò kò sí nílé, wọ́n lọ sí ìsìnkú ní Ọ̀yọ́. Iná pupa iwájú ańpílífáyà ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà bá kan ìlù. Nígbà tí a dé orí orin kẹta, kò ṣẹ́jú mọ́. Ó dúró.

Màmá ìjọ ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ̀yin ọmọ, kí ni nǹkan pupa yẹn? Ṣé kò léwu?"

"Rárá o, Mà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, onílù náà tẹ̀ sí mi létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan bo iná yẹn. Bí àwọn àlejò bá ń wò ó lọ́la, ọkàn wọn ò ní sí níbi orin."

Dúró pẹ̀lú mi níbí díẹ̀.

Mo mọ ohun tí iná yẹn ń sọ. Bàbá náà ti fi ìka hàn mí. Kì í ṣe pé n kò gbọ́, kì í ṣe pé ó ṣòro. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n na ọwọ́ kí n yí míkísà sílẹ̀ díẹ̀, kí n sì sọ fún ọmọ tí mo fẹ́ràn pé rárá. N kò fẹ́ kó bínú. Ó ti rẹ̀ mí. Kí n má sì purọ́ fún ọ, ìró yẹn ń dùn mọ́ èmi náà. Mo ń wo bí ojú àwọn àlejò yóò ṣe rí. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ míkísà, níbi tí a ń kó téèpù dúdú àti àlùmọ́gàjí sí. Èyí tí mo gé kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nígbà tí mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, irin náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo yára mú ọwọ́ kúrò. Mo wò ó. Pupa ṣì ń yọ létí téèpù. Mo gé òmíràn, mo fi lé e lórí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gé e. Ìyẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn jù.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀rọ náà fún ọ, kó má baà ṣe ọ́ bó ṣe ṣe wá. Nígbà tí ańpílífáyà bá dé òpin agbára rẹ̀, kò lè gbé orí ìró mọ́. Ńṣe ló ń gé e pẹrẹsẹ bí ẹni fi àdá gé orí koríko. Ìró tí a gé lórí bẹ́ẹ̀ a máa bí ohùn òkè tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, inú túwítà sì ni gbogbo rẹ̀ ń rọ́ lọ. Wáyà inú túwítà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Yóò gbóná, kò ní sí àyè fún un láti tutù, yóò jó. Kí sì ni èèyàn rí gbà fún gbogbo ewu yìí? Bí agbára tó ń wọ sípíkà bá di ìlọ́po méjì, desíbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ìró fi ń lé. Agbára káká ni etí fi ń mọ̀ pé nǹkan yí padà. Kí etí tó lè gbà pé ìró ti di ìlọ́po méjì, agbára náà ní láti tó ìlọ́po 10. Ohun tí a yí sókè ní ìparí yẹn, ooru ni. Kì í ṣe ìró.

Lọ́jọ́ Ìkórè, túwítà ló kọ́kọ́ kú, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Ikú túwítà kò ní ariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oníwàásù bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú àpò ìrẹsì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Onílù náà gbọ́ pé aro òun kò dán mọ́, ó fi ojú sọ fún mi pé kí n fi kún un. Mo fi kún un. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ń jó bọ̀ pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, òórùn kan sọ, bí ìgbà tí rọ́bà bá ń jó lórí iná. Wúfà apá òsì há wọ̀ọ̀, ó dákẹ́. Ti apá ọ̀tún kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn rẹ̀. Oníwàásù fi ohùn ẹnu lásán ṣe ìyókù ìwàásù náà nínú ilé tó kún dé ẹnu ọ̀nà, ohùn wọn sì ti pin kí wọ́n tó dé orí àdúrà.

Bàbá Onírédíò dé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n rí téèpù náà kí wọ́n tó rí nǹkan mìíràn. Wọ́n fi èékánná tú u, ẹ̀kíní, èkejì.

"Ta ló fi èyí síbí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa."

Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wí, wọn kò bá mi wí. Wọ́n tú sípíkà, wọ́n yọ wúfà, wọ́n gbé e lé ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Wáyà ìdí rẹ̀ dúdú bí ẹ̀pà tó jó. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń mì tí ìró fi ń jáde ti fà ya láti etí dé àárín. Bàbá náà fi ìka tọ ibi tó ya. "Ìwọ lo sọ pé kò láwọ. Awọ rẹ̀ rèé."

Owó tí a fi tún un ṣe, ara owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ìrẹsì Kérésìmesì àwọn opó la ti mú un. Èmi akọ̀wé ni mo kọ ọ́ sínú ìwé. Màmá tó bèèrè bóyá iná náà léwu wà lára àwọn opó tí kò gba ìrẹsì lọ́dún yẹn.

Ìgbà tí sípíkà ṣì wà níbi àtúnṣe, a yá omíràn. Wáyà tí a fà láti ìdí ìlù gùn, ó sì ń kùn hùùù. Ọ̀rẹ́ onígìtá wa kan mú púláyà wá. Ó ní bí a bá gé ẹsẹ̀ gbọọrọ tó wà lókè púlọ́ọ̀gì ańpílífáyà, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, híhùn náà yóò dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo ké mọ́ ọn. Ìwọ náà ti rí i níbi òde àríyá, àbí? Wọ́n á ki púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi ìdí báírò ti ihò òkè. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná lọ sílẹ̀ bó bá ṣìnà, kó má baà gba ara èèyàn kọjá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1972, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Stone the Crows, wà lórí ìtàgé ní ìlú Swansea, ní Wales. Ó fọwọ́ kan makirofóònù tí kò ní ẹ́ẹ̀tì. Ó kú. Ọmọ ọdún 27 ni. Ohun tó ń pa híhùn wáyà gígùn ni àpótí kékeré tí àwọn onísáúǹdù ń pè ní DI. Ìdí ìlù ló ń wà, wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta ló sì ń ti ibẹ̀ lọ bá míkísà. Ra ọ̀kan. Gbé púláyà yẹn jù.

Mo ti ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n dé orí ọ̀rọ̀ etí.

Híhó etí ọmọ náà kò lọ lẹ́yìn Ìkórè. Ó sùn, ó jí, ó ń hó. Ó dúró títí di ọdún tuntun kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn fi í sínú yàrá kékeré, wọ́n ń fi ohùn oríṣiríṣi dán an wò, kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá gbọ́. Mo jókòó síta, mo ń wò ó láti ojú gíláàsì. Ìgbà kan wà tí ìka rẹ̀ kò kúrò lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé wọ́n ti ṣe tán ni. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọn kò tíì ṣe tán. Ohùn ń lọ sí i létí òsì ní gbogbo àkókò yẹn.

Àwọn irun tíntìntín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ìró fún ọpọlọ. Wọn kì í hù padà. Àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ ní desíbẹ́ẹ̀lì 85 ni etí lè gbà fún wákàtí 8 lójúmọ́, àti pé fún gbogbo desíbẹ́ẹ̀lì 3 tó bá fi lé, kí a pín àkókò náà sí méjì. Bó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2022 fún ibi orin àti àpèjọ, kò fẹ́ kí ìró kọjá ìwọ̀n 100 yẹn. Ìdánrawò wa ń gba wákàtí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, sípíkà sì wà ní ìwọ̀n apá kan sí etí òsì rẹ̀. Ìwọ náà ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí o bá ní láti kígbe kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó gbọ́ ọ níbi ìdánrawò, o ti kọjá ààlà. Bí etí rẹ bá ń hó nígbà tí o délé, má tan rédíò lé e lórí. Iná pupa tìrẹ nìyẹn.

Ọmọ náà ṣì ń lùlù. Ìlù oníná yẹn náà ló ń lù, ní ibi tí Bàbá Onírédíò gbé e sí, ó sì dùn. Àlejò tó bá wá máa ń bèèrè iye tí a rà á. Ó ti níyàwó. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí. Bí wọ́n bá fẹ́ pè é láti òsì, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án léjìká. Bàbá ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn kí Ìkórè yẹn tó kọjá. A kò mọ̀ títí ayálégbé tuntun fi dé. Kì í ṣe pé ara wọn le.

Mo ti fi kẹrosíìnì nu iwájú ańpílífáyà wa ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, ojú gọ́ọ̀mù téèpù náà kò lọ tán. Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo ń jókòó sídìí míkísà ní ìjọ rẹ, tètè dé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ. Lọ wo iwájú tiyín. Bí o bá bá téèpù níbẹ̀, jọ̀wọ́, tú u.